Oòrùn Inú Bátìrì ní Okókómáíkò

Nígbà tí mo fẹ́ fẹ́ ọkọ mi, ohun tó ń ba ìyá mi lẹ́rù ni pé ṣọ́jà ni. Wọ́n pè mí sí kọ̀rọ̀, wọ́n ní ṣọ́jà a máa mutí, a máa lu ìyàwó, ìjọba sì lè gbé e lọ sí ìlú tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ nígbàkigbà. Ọkọ mi kì í mutí. Kò gbé ọwọ́ sókè sí mi rí. Ohun kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni kò kìlọ̀ rẹ̀ fún mi ni pé ọkùnrin yìí fẹ́ràn bátìrì bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń fẹ́ràn ẹyẹlé.

Iṣẹ́ rẹ̀ ní bárékè Ọ̀jọ́ ni kó máa tọ́jú àwọn bátìrì tí rédíò àwọn ológun ń lò. Ó ń bu omi sí wọn, ó ń fún wọn ní iná, ó sì ń ṣọ́ èyí tó bá ń ṣàìsàn nínú wọn. Kò sí yàrá fún wa nínú bárékè nígbà náà, a wá gba yàrá méjì ní Okókómáíkò, nínú ilé opó kan tó jẹ́ ọmọ bíbí Ọ̀jọ́. Mùsùlùmí ni, àgbàlagbà obìnrin tó ga, tó gbẹ, tó máa ń fi èdè Àwórì bá àwọn ewúrẹ́ rẹ̀ wí láàárọ̀ kùtùkùtù bí ẹni pé ọmọ tí wọ́n bí ni wọ́n. Màmá ni gbogbo àwa ayálégbé ń pè wọ́n. Ilé wọn yẹn la bí àwọn ìbejì wa sí, ibẹ̀ ni mo ti di Ìyá Ìbejì, tí ọkọ mi di Bàbá Ìbejì. Màmá nìkan ni kò gbà. Ṣọ́jà ni wọ́n ń pè é títí.

Ìparí àwọn ọdún 1980 ni mò ń sọ. Iná ìjọba nígbà náà dà bí àlejò tí kò mọ àsìkò oúnjẹ. Ó lè dé lọ́sàn-án gangan, nígbà tí gbogbo wa wà lẹ́nu iṣẹ́, kó máa tàn lásán nínú ilé tí kò séèyàn. Bí ilẹ̀ bá ti wá ń ṣú, tí a ń wọlé bọ̀, òun á ti jáde lọ. Ìyẹn ló ń bí ọkọ mi nínú jù. Bí iná kò bá sí rárá, kò dùn ún tó bẹ́ẹ̀. Pé iná wà, tó sì ṣòfò, ni kò lè fara dà.

Lọ́jọ́ kan, mo ń pọn omi ẹ̀rọ tó yọ lójijì, ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Ìyá Ìbejì, kí ló dé tó o fi ń pọn omi sínú dúrọ́ọ̀mù?"

Mo ní, "Ṣé ẹ ò mọ̀ ni? Bí a bá fẹ́ omi lọ́la, ó lè má yọ."

"Ó dáa. Dúrọ́ọ̀mù iná tiwa dà?"

Mo rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Mi ò mọ̀ pé ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Kí a tó fẹ́ ara wa, ó ti ṣiṣẹ́ rí ní òkè Ọya lọ́hùn-ún, lẹ́bàá ààlà, níbi tí yanrìn ti pọ̀ ju èèyàn lọ. Kò sí iná ìjọba níbẹ̀ rárá. Gíláàsì dúdú fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan ni wọ́n tẹ́ sí oòrùn, òun ló ń gba agbára oòrùn, tó ń sọ ọ́ di iná. Ó sọ fún mi pé ohun tó ya òun lẹ́nu kì í ṣe gíláàsì yẹn. Yàrá alámọ̀ kékeré kan tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni, tí wọ́n to bátìrì sí rẹpẹtẹ. Lọ́sàn-án, oòrùn pọ̀ ju ohun tí wọ́n lè lò lọ. Lóru, kò sí rárá. Síbẹ̀ rédíò ń sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ń mọ́, nítorí pé ohun tó ṣẹ́ kù lọ́sàn-án ti wà nínú yàrá alámọ̀ yẹn.

"Oòrùn kò wọ́n," ló máa ń wí. "Ibi tí a máa kó o pamọ́ sí ló wọ́n."

Lẹ́yìn ìgbéyàwó wa, wọ́n tún gbé e padà síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Àsìkò yẹn ni wọ́n pààrọ̀ àwọn gíláàsì náà sí tuntun, wọ́n sì ta àwọn tó ti sán lára fún ẹni tó bá fẹ́. Ọkọ mi ra méjì. Ó fi fóòmù tó ń sùn lé wé wọn, ó sì gbé wọn bọ̀ wá sí Èkó lórí ọkọ̀ tírélà tó kó àlùbọ́sà. Bí ọlọ́pàá bá dá wọn dúró lọ́nà, tó ní kí ni wọ́n wé, á ní dígí tí ìyàwó òun fi ń wojú ni. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní kó máa lọ. Ọdún bíi mélòó kan la fi sùn lórí fóòmù tó ń rùn bí àlùbọ́sà.

Ó kan gíláàsì méjèèjì mọ́ orí páànù. Màmá jáde, wọ́n gbójú sókè.

"Ṣọ́jà, ta ló fẹ́ máa wojú lórí òrùlé mi?"

"Màmá, oòrùn ló máa máa wojú níbẹ̀ o."

"Hẹn-ẹn." Wọ́n wọlé lọ. Wọn ò bínú ọjọ́ yẹn.

Bátìrì ló dá ìjà sílẹ̀. Ní gbogbo òpin oṣù, ọkọ mi á lọ sí Alábà, á bá àwọn Ìgbò tó ń ta ẹrù àlòkù dúnàádúrà, á sì gbé bátìrì tí ọlọ́kọ̀ ti jù nù bọ̀ wálé. Á fọ̀ ọ́, á da inú rẹ̀ nù, á bu ásíìdì tuntun sí i, á máa fún un ní oòrùn díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń fi ṣíbí fún aláìsàn ní ẹ̀kọ. Àwọn kan jí, àwọn kan kú síbẹ̀. Àwọn tó jí ló tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, lábẹ́ fèrèsé wa. Láti ara wọn la ti ń tan gílóòbù kékeré kan sí yàrá kọ̀ọ̀kan. Mo ṣì rántí bí inú mi ṣe dùn tó, tí mo ń fi iná yẹn wo ojú àwọn ọmọ mi bí wọ́n ṣe ń jẹun alẹ́, tí gbogbo àdúgbò ṣókùnkùn. Ṣùgbọ́n gbogbo ìró mi ló lu tán. Bí ásíìdì bá ta sí aṣọ, èèyàn lè má rí i lọ́jọ́ náà. Tó bá fọ aṣọ náà ni ihò á yọ.

Èmi ń ṣe tíṣà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lọ́nà Ìbà. Bí mo bá dé láti ibi iṣẹ́, mo tún máa ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ní ìrọ̀lẹ́, nínú gbọ̀ngàn kékeré kan tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun àdúgbò wa. Bí ẹ ṣe mọ̀, bàtà kì í wọ ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun. Ẹnu géètì ni gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mi ń bọ́ bàtà sí. Káfíńtà wà nínú wọn, obìnrin Ègùn kan tó ń yan ẹja wà níbẹ̀, àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ náà wà níbẹ̀. Dírẹ́bà kan sì wà, ọmọ Ìsẹ́yìn, tó ń ná Ìyànà Ìbà sí Bàdágírì. Ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀n ni. Bó bá di pẹ́ńsù mú, ẹ ò ní rí pẹ́ńsù yẹn mọ́, ìka rẹ̀ nìkan lẹ máa rí. Òun ló máa ń rẹ́rìn-ín jù nínú kíláàsì, òun náà ni ìwé kíkà ń ká lára jù, nítorí kọ̀ńdọ́kítọ̀ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọdé ló máa ń ka orúkọ òpópónà fún un.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àsìkò òjò ọdún kan, a gbọ́ ìró kan lọ́sàn-án tó dà bí ìbọn ńlá. Àwọn ìyàwó ṣọ́jà tó wà ní àdúgbò ti dojú bolẹ̀ kí àwa yòókù tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Tiransífọ́mà àdúgbò wa ló bú. Èéfín dúdú gba ojú ọ̀run, òróró rẹ̀ sì ń kán sí ilẹ̀ títí di ọjọ́ kejì. Àwọn oníná wá, wọ́n wò ó, wọ́n mi orí, wọ́n lọ. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ di oṣù, oṣù ń gun orí oṣù, a ò rí wọn.

Kíláàsì mi bẹ̀rẹ̀ sí í túká. A tan àtùpà, èéfín rẹ̀ ń ta àwọn àgbàlagbà lójú. Ẹni tó wà lẹ́yìn kò rí ohun tí mo kọ sójú pátákó. Obìnrin Ègùn yẹn sọ fún mi pé, "Àǹtí Tíṣà, èéfín ni mò ń bá jà láti àárọ̀ nídìí ẹja. Mi ò lè tún wá bá a jà níbí." Kò wá mọ́. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Màmá sá ìró wọn tó dára jù sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, èyí tí wọ́n ń ró lọ kírun Jímọ́ọ̀. Afẹ́fẹ́ òjò ló gbé e sórí bátìrì. Nígbà tí wọ́n fọ̀ ọ́ tán, wọ́n nà án sókè sí oòrùn, ó ti di asẹ́. Wọn ò pariwo. Ìyẹn ló dun ọkọ mi jù. Wọ́n ká ìró náà, wọ́n gbé e lé ọwọ́ rẹ̀.

"Ṣọ́jà, mo fẹ́ràn rẹ. Mo fẹ́ràn ìyàwó rẹ, mo fẹ́ràn àwọn ọmọ rẹ. Ṣùgbọ́n èmi àti nǹkan yìí ò lè jọ gbé ilé kan náà."

Ó dọ̀bálẹ̀, ó bẹ̀ wọ́n, ó ra ìró mìíràn fún wọn. Wọ́n gba ìró, síbẹ̀ wọ́n ní bátìrì gbọ́dọ̀ kúrò.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó jókòó sórí àpótí, ó ń wo àwọn bátìrì rẹ̀. Èmi náà jókòó, mò ń ro ti kíláàsì mi. Mi ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ ronú kàn án nínú àwa méjèèjì. Ó máa ń ní èmi ni, èmi náà máa ń ní òun ni. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kí ilẹ̀ tó ṣú, a ti wà níwájú olùṣọ́ àgùntàn ṣọ́ọ̀ṣì náà, à ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ ká gbé gíláàsì sórí òrùlé gbọ̀ngàn, ká sì to bátìrì sí igun kan. Wọ́n béèrè bóyá ó lè jóná. Ọkọ mi ní bí a bá tọ́jú rẹ̀ kò léwu, bí a kò bá tọ́jú rẹ̀ ó léwu. Wọ́n ní òtítọ́ tó sọ yẹn ló jẹ́ kí àwọn gbà.

Ẹsẹ̀ lásán tí àwọn èèyàn ń fi wọ gbọ̀ngàn ló kọ́kọ́ bà á lẹ́rù. Ásíìdì kò mọ̀ pé ilé Ọlọ́run ni. Ó ní kí káfíńtà inú kíláàsì kan àpótí gbọọrọ kan, ó da yanrìn kún un, ó to bátìrì sínú rẹ̀, ó sì fi ọgbà igi yí i ká kí ẹnikẹ́ni má baà sún mọ́ ọn. Ó fa wáyà, ó so gílóòbù mẹ́ta kọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí a kọ́kọ́ tàn án, òjò ti rọ̀ dá. Bí ọkọ mi ṣe tẹ súìṣì, gílóòbù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tàn. Iná náà kò mọ́lẹ̀ púpọ̀, ẹ má jẹ́ kí n tàn yín. Ó pọ́n díẹ̀, bí ìgbà tí ọsàn bá ń pọ́n lórí igi. Ṣùgbọ́n kò léèéfín, kò sì mì. Dírẹ́bà ọmọ Ìsẹ́yìn gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sábẹ́ rẹ̀, ó ń yí wọn síwá sẹ́yìn.

Ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ ń sọ pé oòrùn àárọ̀ yìí nìyí? Èyí tó ń pa mí lórí ní Okókómáíkò?"

"Òun náà ni."

"Ó mà ti rọlẹ̀ o!"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, obìnrin Ègùn ti padà wá, ó sì mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dání.

Kò pẹ́ sígbà náà ni mo ṣàkíyèsí ẹnì kan tó máa ń jókòó sí ìta lẹ́nu géètì, níbi tí bàtà pọ̀ sí. Màmá ni. Wọ́n gbé àpótí tiwọn wá láti ilé. Mo jáde lọ bá wọn, mo kúnlẹ̀.

"Màmá, ẹ wọlé."

"Rárá. Afẹ́fẹ́ ni mo wá gbà."

"Níbi bàtà?"

"Afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀."

Mo fi wọ́n sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ohùn mi sókè bí mo bá ń pe á, b, d. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo béèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ kíláàsì, ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ọ́n. Ohùn kan dáhùn láti ìta, ó gbà á. Olùṣọ́ àgùntàn fúnra wọn ló jáde lọ bá Màmá, wọ́n ní, "Màmá, ìwé ló wà nínú ibẹ̀, kì í ṣe ìsìn." Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n wọlé, wọ́n sì lọ jókòó sí ibi tó jìnnà sí bátìrì jù.

Òjò wá le. Ọjọ́ mìíràn wà tí oòrùn kò ní yọjú rárá, bí a bá sì tan iná fún ìṣẹ́jú díẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀wẹ̀sì. Ọkọ mi dìde níwájú kíláàsì, ó ṣàlàyé.

"Bátìrì kì í dá iná sílẹ̀. Ohun tí ẹ bá kó sínú rẹ̀ ló máa kó fún yín. Bí ẹ bá sì lò ó títí tó fi gbẹ pátápátá, á ṣàìsàn, kò sì ní gbà tó bó ṣe ń gbà tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹ gbọ́dọ̀ máa ṣẹ́ díẹ̀ kù sínú rẹ̀."

Màmá ló dá a lóhùn. Wọ́n ní, "Bí ìkòkò ọbẹ̀ nìyẹn. Ìyàwó tó bá gbọ́n kì í bu ọbẹ̀ kan ìsàlẹ̀."

Wọ́n fẹnu kò pé gílóòbù kan ni kí a máa tàn bí ojú ọjọ́ bá ṣú, kí gbogbo wọn sì fa ìjókòó wọn sún mọ́ ọn. Láti ìgbà yẹn, kíláàsì mi di ti àwọn tó ń wojú ọ̀run. Èmi tí mo dàgbà sí Abẹ́òkúta, tí mi ò dé oko rí, mo wá ń jí láàárọ̀, mo ń wo òkè bí àgbẹ̀. Bí mo bá ń kọjá ní Ìyànà Ìbà, kọ̀ńdọ́kítọ̀ á kígbe sí mi láti ẹnu ọ̀nà ọkọ̀, "Àǹtí, oòrùn mú lónìí o! Ẹ jẹ́ ká tan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta!" Àwọn èrò ọkọ̀ á máa wò wá bíi pé a ya wèrè.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ṣì máa ń dùn mí. Nígbà tí òjò fẹ́rẹ̀ẹ́ dá, a dé gbọ̀ngàn láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, a ò rí gíláàsì. Wọ́n ti yọ gbogbo ìṣó, wọ́n gbé méjèèjì lọ. Páànù tí wọ́n tẹ̀ ti wọ́. Ọkọ mi lọ sí Alábà, ó lọ sí Ajángbádì, ó béèrè títí, kò rí i. Nígbà tó dé, ó jókòó ti àpótí yanrìn, kò jẹun. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ohun tó fi rà á ló ń rò. Yanrìn ilẹ̀ ààlà yẹn ni, àti gbogbo ọ̀nà tó gbà gbé e dé ọ̀dọ̀ mi.

Ní ọjọ́ Ajé, mo sọ fún kíláàsì pé a máa sinmi títí iná ìjọba á fi padà. Wọ́n kó ìwé wọn. Dírẹ́bà kò rẹ́rìn-ín. Ó wo àwọn bátìrì náà, ó wo ọkọ mi.

"Bàbá Ìbejì, ṣebí ẹ ti ń sọ ọ́ pé ibi tí a máa kó o pamọ́ sí ló wọ́n. Olè kò gbé ibi ìpamọ́ lọ. Ó ṣì wà níbí."

"Ó wà. Kí la fẹ́ kó sí i?"

"Ẹ́ńjìnnì mi ń dá iná sílẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Bí bátìrì tèmi bá ti yó, ta ló ń jẹ ìyókù?"

Ọkọ mi gbé orí sókè. Láti ọjọ́ Sátidé, ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ rí ojú rẹ̀ tó tún dà bí ojú rẹ̀.

Ó so bátìrì wa kan mọ́ ti ọkọ̀ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó fi bẹ́líìtì dè é kó má baà ṣubú. Ọkọ̀ gbé e lọ sí Bàdágírì, ó gbé e bọ̀, ó tún gbé e lọ. Nígbà tí dírẹ́bà dé ní ìrọ̀lẹ́, ó gbé bátìrì náà lé èjìká, ó gba ẹnu géètì wọlé, ó bọ́ bàtà rẹ̀ láìsọ bátìrì kalẹ̀. Ọkọ mi wọ̀n ọ́n. Ó ti kún.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é láti ìgbà náà. Àwọn dírẹ́bà mìíràn tó gbọ́ bá wa dá sí i, àwọn tí kì í tilẹ̀ ṣe akẹ́kọ̀ọ́. Láàárọ̀, bátìrì wa á gba ọ̀nà Bàdágírì lọ, òmíràn á gba Ajángbádì, òmíràn á lọ sí ọ̀nà Ìbà. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á máa wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹni tó gbé e á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ọjọ́ kan wà tí dírẹ́bà wa ṣe àṣìṣe, ó gbé bátìrì ọkọ̀ rẹ̀ wọ kíláàsì, ó fi tiwa kan tó ti kú sílẹ̀ sínú ọkọ̀, ọkọ̀ kò wá jí nígbà tó fẹ́ lọ sílé. Gbogbo kíláàsì ló jáde wá ti ọkọ̀. Obìnrin Ègùn wà níwájú, ó fi èdè tirẹ̀ ń kọrin, káfíńtà ń gbè é, ọkọ̀ náà sì ta kẹ́ẹ́ lójijì, ó fi gbogbo wa sílẹ̀ nínú èéfín.

Ṣùgbọ́n ibo la máa kó bátìrì sí lóru, kí olè má baà padà wá? Ọ̀rọ̀ yẹn là ń rò nígbà tí Màmá dá sí i.

"Ẹ gbé wọn padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi."

Ọkọ mi ní, "Màmá, ìró yín ńkọ́?"

"Mi ò ní sá aṣọ síbẹ̀ mọ́. Ṣé olè fẹ́ wọ ilé mi?" Nígbà tí a délé, wọ́n ti da yanrìn sí ibẹ̀, wọ́n sì ti so ewúrẹ́ wọn tó burú jù mọ́ ẹnu ọ̀nà.

Mi ò béèrè lọ́wọ́ Màmá rí ìdí tí wọ́n fi fẹ́ mọ̀wé. Àwọn fúnra wọn ló sọ ọ́ fún mi nígbà tí wọ́n ti lè kọ orúkọ wọn. Àwọn àbúrò ọkọ wọn fẹ́ ta ilé náà. Wọ́n ti ń mú àwọn tó fẹ́ rà á wá wò ó bí Màmá bá lọ sí ọjà. Màmá fẹ́ kọ ọ́ sára ògiri pé ilé náà kì í ṣe títà.

Mo ní, "Màmá, èmi lè bá yín kọ ọ́ lónìí."

Wọ́n wò mí. "Bí ìwọ bá kọ ọ́, ọwọ́ ayálégbé ni wọ́n máa rí. Ọwọ́ mi ni mo fẹ́ kí wọ́n rí."

Wọ́n fi èédú kọ ọ́ sí ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí ọwọ́ wọn fi mọ̀ ọ́n. Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú kan, wọ́n ra ọ̀dà pupa, wọ́n gun orí àpótí, wọ́n sì kọ ọ́ láti etí fèrèsé kan dé èkejì: ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. Lẹ́tà tó ṣíwájú kéré, nígbà tó fi máa dé TÍTÀ, ó ti tóbi bí igbá, àmì orí rẹ̀ sì ń ṣàn wálẹ̀. Àwọn àbúrò ọkọ wọn dé lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Wọ́n dúró síwájú ògiri.

Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ta ló kọ eléyìí?"

Màmá na ọwọ́ ọ̀tún wọn sí wọn. Ọ̀dà ṣì wà lábẹ́ èékánná.

"Èmi náà ni. Bí ẹ bá fẹ́ pa á rẹ́, mo ṣì lè kọ òmíràn."

Wọ́n dúró díẹ̀ sí i, wọ́n kí Màmá, wọ́n lọ. Ọ̀rọ̀ ẹbí kò tán lọ́jọ́ kan ṣá, ìjókòó pọ̀ lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò ta ilé yẹn títí Màmá fi kú sínú rẹ̀.

Tiransífọ́mà tuntun dé nígbà tí a kò retí rẹ̀ mọ́. Ariwo tí àdúgbò pa lọ́jọ́ yẹn, mo rò pé wọ́n gbọ́ ọ ní bárékè. Kíláàsì wa náà ń fi iná ìjọba kàwé nígbà tó bá wà, bí kò bá sí, a padà sídìí bátìrì. Ó ṣì ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ fún ọdún díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ṣọ́ọ̀ṣì nílò gbọ̀ngàn wọn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ti ń kó lọ sí ibòmíràn, jẹnẹrétọ̀ kékeré sì ti ń wọ àdúgbò, ariwo rẹ̀ gba gbogbo ìrọ̀lẹ́. Dírẹ́bà ta ọkọ̀ rẹ̀, ó padà sí Ìsẹ́yìn. Ó wá dágbére fún wa, ó sì ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ sára àpò sìmẹ́ǹtì tó wà lẹ́yìnkùlé wa kó tó lọ, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́.

Láàárín àwọn ọdún 1990, ọkọ mi fẹ̀yìn tì, a sì kó lọ sí ilé kékeré tí a kọ́ sí Ìbà. Ọjọ́ tí a ń palẹ̀ mọ́, ó pe àwọn tó ń ra bátìrì tó ti kú. Púpọ̀ nínú wọn ti gbẹ tán nígbà náà, ohunkóhun kò lè jí wọn mọ́. Kí àwọn oníbátìrì tó dé, mo rí ọkọ mi lẹ́yìnkùlé, ó bu omi sínú abọ́, ó mú kànrìnkàn, ó ń fọ̀ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń nu ẹnu wọn gbẹ.

Mo ní, "Bàbá Ìbejì, wọ́n kúkú máa lọ yọ́ wọn ni."

Ó ní, "Mo mọ̀."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kò wá. Mo ká ìró mi sókè, mo wá kànrìnkàn kejì, mo jókòó tì í. A fọ gbogbo wọn tán kí ọkọ̀ tó dé.

Ọkọ mi ti lọ báyìí. Àwọn ìbejì wa ti ní ilé tiwọn, ọ̀kan nínú wọn sì ń sọ fún mi láìpẹ́ yìí pé níbi tí òun wà lókè òkun, wọ́n ń kó oòrùn pamọ́ sínú bátìrì tó tóbi bí ilé, tó ń tan iná fún odidi ìlú. Ó rò pé ó máa yà mí lẹ́nu. Mo kàn béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá àwọn tó ń lo iná náà máa ń mọ ara wọn. Ó ní rárá, wọ́n pọ̀ jù. Mo ní ó dáa, pé ó ṣì dùn mọ́ mi pé wọ́n rí i ṣe.